Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Dúró Kí Àgbà

Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ èmi fúnra mi ló ba nǹkan jẹ́ mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́.

Ìlọrà ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ya ojú áàpù, ìyẹn ohun tí ènìyàn ń rí tó sì ń tẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí iléeṣẹ́ wa fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere síta, kí ẹni tó bá fẹ́ gùn ún fi fóònù ṣí i ní ibùdó kan, kó sì fi í sílẹ̀ ní òmíràn, ọ̀gá wa ní ká kọ́kọ́ dán an wò ní Fìdítì, Ìlọrà àti Awẹ́, níbi tí mọ́tò kò ti pọ̀ bíi ti ìgboro Ìbàdàn. Ó ní kí n lọ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ìfẹ́ ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ la máa ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Mo lọ. Mo dúró ní gáréèjì Fìdítì, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Gbogbo wọn ní kó yá, kó má ṣòro ṣí. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìkíni. Ta ló máa ń sọ ọ́ pé òun máa ń kí ènìyàn? Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá gun kẹ̀kẹ́ kan àgbà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó sì dúró gba ìdáhùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ lè dúró fúngbà díẹ̀ láìti ara rẹ̀ pa.

Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta," ó ní. "Bó bá dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ti ara rẹ̀ pa. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fi kẹ̀kẹ́ wa ṣe fàájì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn, kó jùwọ́."

Ó yẹ kí n bá a jà. "Ó dáa, ọ̀gá," ni mo sọ, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta náà sí i. Èmi náà ni mo kọ ìkìlọ̀ tó ń jáde lójú fóònù: ẹni tí kò bá dá kẹ̀kẹ́ padà sí ibùdó, olè la ó kà á sí. Ọ̀gá yìn mí fún un. Bí mo bá rántí ìyìn yẹn, orí mi á gbóná.

Àbúrò mi obìnrin ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Bàbá wa ti sọjú abẹ níkòó pé bí ẹ̀kẹta yìí kò bá bọ́ sí i, ó máa lọ kọ́ ìránṣọ. Awẹ́ ni ìdánwò náà wà, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n máa ti gèètì. Ó fẹ́ wọ ọ̀kadà. Èmi onígbéraga yìí ni mo pè é pé kó gun kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe.

Kò tíì jáde ní Ìlọrà tó fi kan bàbá arúgbó kan, ọ̀rẹ́ bàbá wa, tó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Bàbá bi í pé níbo ló ń lọ ní kùtù, ó ní ìdánwò ni. Ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki í. Ó ki oríkì rẹ̀, ó ki ti ìran wa, ó wá bọ́ sórí àdúrà: wàá yege, orí rẹ á gbè ọ́, orúkọ rẹ á jáde. Ọmọ wo ló máa dìde nígbà tí àgbà ń wúre fún un? Àbúrò mi ní àmín ló wà lẹ́nu òun tí òun fi gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ dún kà, tó ti ara rẹ̀ pa.

Bàbá ti wọlé nígbà tí àbúrò mi yọ fóònù láti tún kẹ̀kẹ́ náà ṣí, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Ìkìlọ̀ tí mo kọ nìkan ló wà lójú rẹ̀. Ẹlòmíì á fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni, òun ò ní ba orúkọ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́. Ó gbé táyà ẹ̀yìn tí kò yí mọ́ sókè, ó wọ́ kẹ̀kẹ́ náà padà sí ibùdó, kó tó wá ọ̀kadà. Nígbà tó dé Awẹ́, wọ́n ti ti gèètì. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò ṣí i.

N kò kan ilẹ̀kùn kí n tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kí ló dé tí kò jùwọ́ sí i?" ló bi mí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé bí ẹ ṣe ń kí bàbá tiyín nìyẹn?" Ó ní kí n má mú ọ̀rọ̀ ilé wọ ibi iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo ń bú ọkùnrin yẹn tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi ti ń kọ́ ìránṣọ báyìí. Kò bú mi, ì bá sì sàn kó bú mi. Ohun tó bẹ̀ mí fún ni pé kí n má jẹ́ kí bàbá arúgbó yẹn gbọ́, torí bàbá máa rò pé àdúrà òun ló fà á. Nígbàkígbà tí mo bá wálé, tí mo kúnlẹ̀ kí i, á di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé èsì ti jáde?"

"Kò tíì jáde, bàbá."

"Ó máa jáde," ni bàbá á wí, á tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà látìbẹ̀rẹ̀, èmi á sì máa ṣe àmín.