Ihò Inú Lẹ́tà Lazarus Adéyẹyè

Ìyá wa, Ìbídùnní Adéyẹyè, kú ní Ọ̀sí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni wọ́n ti bá lẹ́tà náà. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí èmi ni mo máa ń kà á fún un nígbàkígbà tí mo bá wálé láti Ìbàdàn.

Lazarus, bàbá rẹ̀, ló kọ ọ́ láti ogun Bọ́má, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bébà gbọọrọ kan wà tí wọ́n fi lẹ etí àpòòwé náà pa, pẹ̀lú òǹtẹ̀ adé àti nọ́ńbà. Wọ́n sì fi abẹ gé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "A ti dé," ni ó kọ, ihò ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ihò: "Òjò ibẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ẹ bá mi tọ́jú Ìbídùnní." Kò sí lẹ́tà mìíràn mọ́ láéláé. Ìyá á ti ìka bọ ihò náà. Títí di òní ni mò ń rí ìka yẹn.

Mẹ́fà ló lọ sógun láti àdúgbò wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò padà wálé. Lazarus nìkan ló mọ̀wé kọ, nítorí náà kò sí lẹ́tà ẹlòmíràn tí wọn ìbá fi wé tirẹ̀. Olùkọ́ ìjọ, tó ń ka ìwé fún gbogbo wọn, wo òǹtẹ̀ yẹn, ó ní ẹni tí ìjọba bá tú lẹ́tà rẹ̀ wò ti dáràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, orúkọ márùn-ún ni ìjọ ń pè. Ìyá á dìde dúró lọ́dọọdún, á retí ìkẹfà, á tún jókòó.

"Ẹ bá mi wo ùwé yìí dáadáa," ló máa ń wí. "Kí ni bàbá mi ṣe? Bí mo bá dé ọ̀hún tó bi mí pé kí ló dé tí wọn ò pe òun, kí ni kí n wí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìlọrin, láti bèèrè ohun tó ṣe bàbá rẹ̀. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: "Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, Mama. Fáìlì yín wà lórí tábìlì ọ̀gá." Ogún ọdún rèé! Ta ni ọ̀gá yìí? Ṣé tábìlì rẹ̀ tó oko iṣu ni, tí fáìlì fi sọnù sórí rẹ̀? Èmi náà ńkọ́, èmi tí mò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ta ni mo bi? Ojú ń tì mí.

Lánàá, Gideon, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlofà, wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó wo àpòòwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Háà! Wọ́n máa ń tú lẹ́tà ṣọ́jà wò nígbà ogun, ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tó kà á nìyí. Ó jọ pé orúkọ ibi tí wọ́n wà ni wọ́n gé, kí ọ̀tá má baà mọ̀."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Gbólóhùn mẹ́ta péré. Obìnrin kan fi ọgọ́rin ọdún wá wọn, ó kú kí wọ́n tó dé.

Nítorí náà, kí ìjọ pe orúkọ mẹ́fà ní oṣù Kìíní, kí wọ́n sì sọ ní gbangba ìdí tó fi jẹ́ márùn-ún látẹ̀yìnwá. Ní ti ẹ̀yin ará ọ́fíìsì Ìlọrin, Sátidé la ó sin Ìyá. Lẹ́tà náà kò ní bá a wọlẹ̀. Ọjọ́ Ajé la ó gbé e wá bá yín. A kò ní fi ẹ̀dà sílẹ̀. A ó jókòó síbẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi jáde, tí yóò ti ìka tirẹ̀ bọ ihò náà, tí yóò sì sọ fún wa ibi tí ẹ fi Lazarus sí.