Ẹni tí ó ṣí omi ìta ní ọjọ́ Jímọ̀

Jẹ́lílì ni ó ṣẹ̀ mí. Jẹ́lílì, àkọ́bí Alhaji Rájí tí ó ni ibi tí a ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Joju, ní Sàńgó-Ọ̀tà. Ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ mí kò farasin: ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí àwọn àáfà parí wáàsí, tí wọn kò tíì gbé oúnjẹ jáde. Gbogbo àdúgbò ló pé síbẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àáfà, ó na ìka sí mi, ó ní olè ni mí, ó ní mo sì tún parọ́ mọ́ òkú.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé kẹrin ni mo kà dé ní Ìsẹ́yìn kí bàbá mi tó kú. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Mo ń to ọ̀rọ̀ yìí bí mo ti máa ń to búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú mi méjèèjì ló rí i. N kò mu ọtí, n kò tòògbé, oòrùn sì wà lókè gangan. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín tí ó dùn mí ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí Alhaji jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tí ó bi mí ní ọjọ́ Jímọ̀ kan kò ní yé yín.

Adó-Odò ni ó ti wá, pẹ̀lú mọ́ọ̀dù onígi kan ṣoṣo tí ó fi ń mọ búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí èmi fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ní ẹ̀rọ ìmọ búlọ́ọ̀kù, ó ti gbẹ́ kànga tí a ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ká ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan á ga ju èkejì lọ, tí yóò gbé ike ọ̀dà tí ó dá ihò sí nídìí, tí yóò máa wọ́n omi sórí búlọ́ọ̀kù tútù. Búlọ́ọ̀kù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, bí kò bá mu omi tó, ọwọ́ ẹni tí ó rà á ni yóò fọ́ sí.

Ó fa páìpù kan gba ara ògiri jáde, ó fi ẹnu ẹ̀rọ sí i níta, kí àdúgbò máa pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ni ó fi ṣe pé kí omi tó kan sìmẹ́ńtì láàárọ̀, ará ìta ni yóò kọ́kọ́ pọn. Ó máa ń wí pé, "Omi tí aládùúgbò kò bá kọ́kọ́ mu, kò lè di búlọ́ọ̀kù mú."

Ìbéèrè méjì ni ó máa ń bi mí lójoojúmọ́, wọ́n sì máa ń tẹ̀lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì. "Ará ìta ti pọn omi?" Bí mo bá ti dáhùn, yóò ní, "Alhaja ti jẹun?"

Ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ ni ilé wọn wà, ìyàwó rẹ̀ sì ní ọgbẹ́ inú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa òun. Bí mo bá ní n kò mọ̀, Alhaji yóò fọ ọwọ́, yóò wọlé lọ bá a jẹun, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ oníbàárà dúró. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Alhaji, ìyàwó yín kì í ṣe ọmọ ìkókó o!" Òun náà á ní, "Ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe nítorí ìyàwó ni? Ẹ jẹ́ kí n lọ wo tèmi."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó mú un lọ. Jẹ́lílì sì ti Èkó dé láti jókòó sí ipò bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ẹ̀wọ̀n de ẹnu ẹ̀rọ ìta, ó fi àgádágodo há a, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀.

"Ilé iṣẹ́ ni mo jogún," ni ó wí. "N kò jogún sàárà."

Gbogbo wa padà sídìí iṣẹ́. Èmi náà padà.

Èmi nìkan ni onígbàgbọ́ nínú àwa òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí àwọn yòókù bá lọ kírun, èmi ni mo máa ń ṣọ́ ibẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, Jẹ́lílì náà wà ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú wọn. Mo jókòó sábẹ́ páànù, mò ń nu iyanrìn kúrò lára mọ́ọ̀dù.

Mo gbọ́ ṣàà. Ó dákẹ́. Mo tún gbọ́ ṣàà.

Ìró omi lórí búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí ó ti ń gbọ́ ìró yẹn láti ọdún pípẹ́ kò lè ṣì í gbọ́. Mo dìde, mo yọjú.

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Fìlà funfun, ike ọ̀dà oníhò, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ga ju èkejì lọ. Ó ń wọ́n omi, ó ń rọra lọ láti orí búlọ́ọ̀kù kan dé orí èkejì, bí ẹni tí kò kánjú.

Ẹ dákun, ta ni nínú wa tí a tọ́ dáadáa, tí yóò bá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i? Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. Kí n tó rántí pé èmi pẹ̀lú wọn ni a gbẹ́ sàréè rẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji."

Ó dúró. Omi ń kán láti inú ike náà. Kò wẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ wá bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì.

"Ará ìta ti pọn omi?"

Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ẹnu ẹ̀rọ wà nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn obìnrin àdúgbò ti di ẹni tí ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ni, tàbí ìwà òṣìṣẹ́ tí kì í fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, n kò mọ̀.

"Wọ́n ti pọn, sà," ni mo wí.

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, mò ń dúró de ìbéèrè kejì. Mo ti pèsè ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pàápàá, nítorí mo rí Alhaja tí ó ń bu oúnjẹ láàárọ̀. Ìbéèrè kejì kò wá.

Ó mi orí. Ó gbé ike sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó rìn gba ẹ̀yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù lọ sí apá ògiri. Kò yọ ní òdìkejì.

Nígbà náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà níta.

Nígbà tí mo sáré jáde, ẹ̀rọ ń tú omi wàà. Ẹ̀wọ̀n wà nílẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: ó ṣì há. Wọn kò gé e, wọn kò fọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Jẹ́lílì ní mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Jẹ́lílì dé, ó bá ará àdúgbò lórí ìlà pẹ̀lú korobá. Ó fà mí sẹ́yìn ọkọ̀. "Ta ló ṣí i?"

Mo rọra sọ fún un. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wo àgádágodo.

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí.

N kò sọ ọ́. Àmọ́ omi kì í sọ̀rọ̀ kí àdúgbò má gbọ́. Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ fi pé, gbogbo ènìyàn ti ń bi ara wọn pé ta ló ṣí i. Ìgbà náà ni Jẹ́lílì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọkùnrin yìí jí kọ́kọ́rọ́ mi, ó wá ní bàbá mi ni. Bí bàbá mi bá máa padà wá, ṣé ọ̀dọ̀ apo-sìmẹ́ńtì ni yóò lọ? Èmi ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ bá wa sọ fún Alhaji kó bá wa tún iná ṣe!" Wọ́n tì mí jáde lábẹ́ ìbòòji, níwájú ìyàwó mi.

Bí mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ, Alhaja ṣẹ́ ọwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Aṣọ opó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sún mọ́ mi títí mo fi gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ṣé ó béèrè mi?"

Ẹ̀yin ènìyàn, n kò lè gbójú sókè. Mo mọ̀ pé yóò béèrè. Kò sí ọjọ́ kan tí kò béèrè. Irọ́ mi ni ó gé e mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ti omi ló béèrè, Alhaja."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Òun náà nìyẹn," ni ó wí, ó sì wọlé. Kò sọ síta fún ẹnikẹ́ni títí di òní pé òun gbà mí gbọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tí ó gbà mí, láti Sàńgó títí dé Agbára. Kí n tó dé, ìròyìn á ti dé. Jẹ́lílì ti fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu páìpù náà. Wọ́n ní bí ó bá ti di àkókò ìrun Jímọ̀, ògiri ibẹ̀ a máa tutù títí omi á fi máa ṣàn nídìí rẹ̀. N kò lọ wò ó. N kò ní ojú tí mo fẹ́ fi wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹni rere ti kú, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá bá ẹni tí ẹ ti sin lẹ́nu iṣẹ́, bí ìkíni bá tilẹ̀ já bọ́ lẹ́nu yín, ẹ má parọ́ fún un.

Ẹ wá dá ẹjọ́ yìí fún mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Jẹ́lílì, àgádágodo wà ní híhá: ta ni olè? Bí ẹ bá sì ti dá ìyẹn tán, ẹ dá èyí tí n kò lè dá fúnra mi. Alhaja ṣì ń dúró de ìbéèrè kan. Ta nínú èmi àti Jẹ́lílì ni kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó fi ẹ̀wọ̀n de omi ni, àbí ẹni tí ó ní wọ́n ti pọn?