Télọ̀ Tó Ní Abẹ́rẹ́ Kò Dun Òun

Télọ̀ ni àbúrò mi. Ó ti gé aṣọ fún ọdún mọ́kànlélógójì kí èjìká ọ̀tún rẹ̀ tó gan. Ọwọ́ náà kò ga ju àyà lọ mọ́, kò sì nà dé òdì kejì tábìlì. Ó ní bí òun kò bá lè gé aṣọ mọ́, ṣọ́ọ̀bù ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan tó ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wo ara ríro. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, aṣọ ìkélé láàrin wọn. Oníṣègùn náà sọ fún un pé bí abẹ́rẹ́ bá wọlé tí apá bá wúwo, kí ó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni òun yóò dúró. Bí kò bá mọ nǹkan kan lára, òun yóò tún máa wá ojú ibẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ la lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni àbúrò mi ní òun kò mọ nǹkan kan lára. Oníṣègùn á yí abẹ́rẹ́, á yọ ọ́, á tún un gún. Èjìká wú. Ìyá oníbúrẹ́dì kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń hanrun ní tirẹ̀. Nígbà tí ìyá náà wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti tún ń gbé páànù búrẹ́dì sórí.

Inú bí àbúrò mi. "Dókítà, èmi tí mo lajú sílẹ̀, mi ò sàn. Ẹni tó ń hanrun ló sàn. Ṣé kí n máa sùn ni?"

Oníṣègùn bi í bóyá kò mọ nǹkan kan lára lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Mo ní, "Irọ́ ló ń pa. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yí abẹ́rẹ́ ni ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká kò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́. Ó dùn ẹ́ àbí kò dùn ẹ́?"

Ó kọjú sí ògiri, ó wá jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ kìíní ni apá náà ti ń wúwo dé ìgúnpá bí aṣọ tó mu omi. Ṣùgbọ́n níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún tó sì ké lójú oníbàárà, ọ̀gá á ní kó tú ohun tó rán, kó tún un rán. Ó ti mọ́ ọn lára.

Oníṣègùn gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó jókòó. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lòun fi wá ohun tó ti wà lọ́wọ́ òun.

Àbúrò mi bi í bóyá èjìká ì bá ti sàn ká ní òun tètè sọ. Oníṣègùn ní òun kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara ń wúwo fún ló ń sàn. Ìyá oníbúrẹ́dì kò mọ nǹkan kan lára, òun náà sàn. Ó ní òun kàn ń fi wíwúwo náà mọ ibi tó yẹ kí òun dúró ni.

"Kí ni mo wá ń jẹ́wọ́ fún?"

A tún lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń sọ òótọ́ báyìí, àsọjù pàápàá: ó ń ké kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Wíwú náà lọ. Ọwọ́ gòkè dé etí, ó dúró síbẹ̀. Kò nà dé òdì kejì tábìlì.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gé aṣọ nísinsìnyí. Ó mọ̀ ọ́n gé ju ọkọ rẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà mọ̀, wọn kò sọ. Àbúrò mi á dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀, á máa ní kó rọra, kó wo etí aṣọ. Lánàá, ìyàwó nawọ́ àlùmọ́gàjí sí i.

"Bàbá àwọn ọmọ, ó yá, ẹ gbà, ẹ gé e."

Àbúrò mi ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀, ó jáde.