Igbe Tí Ìyá Ariwo Ké

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òjò lọ́jọ́ tí oòrùn ń yan èèyàn lórí, kó gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ rédíò, kó kọjá ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán jọ sí, kó wá dúró lẹ́nu yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri rẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ìyá Ariwo ló ń rọ òjò ọ̀hún. Ó ń da ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ sórí bébà líle, ó di ojú pinpin, ó ń mi orí bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Bó o bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wàá sá sí kí aṣọ rẹ má baà tutù.

Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn òṣèré orí rédíò ló pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú ohùn wá fún ohun tí kò sí nílé. Bí eré bá ní kí ẹṣin sáré, igbá àgbọn méjì ló ń kàn mọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ní kí eegun ẹnì kan dá, á ṣẹ́ kárọ́ọ̀tì tútù létí máìkì, á sì ti jẹ kárọ́ọ̀tì náà kí òṣèré tó ké tán. Bó bá ń ṣí agbòjò tó ń pa á dé, ẹyẹ ńlá ń fò lọ nìyẹn. Páànù gígùn kan wà tí wọ́n so rọ̀ láti òkè àjà. Bó bá gbọ̀n ọ́n báyìí, àrá sán. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, a máa sọ pé nígbà tí òun ń fẹ́ ẹ, òun rò pé obìnrin lòun ń fẹ́, àṣé ìjì ni.

Ó ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀: kì í béèrè ìtàn. Ọ̀gá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fẹnu sọ ohùn tó ń fẹ́, afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn, ẹkún, ó parí. Ìyá Ariwo á ní kó má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí òun bá ti mọ ìtàn, ọwọ́ òun á wúwo. Á wá di ojú, á dúró títí ibi kan á fi là níwájú rẹ̀, ojú ọ̀nà kan tí kò dé rí, ilé kan tí kò mọ onílé rẹ̀. Inú ibẹ̀ ló ti ń bu ohùn jáde. Bó bá lajú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì máa ń ṣe bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà sì ti ga jù ú lọ báyìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọdé ni ọ̀gá yìí sí i, àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́, ẹ̀yin ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn.

"Abúlé tó ń jóná ni, Màmá. Ìbọn. Ilé tó ń wó. Ìyá kan tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ojúlówó ni mo fẹ́ o."

"Ìgbà wo ni mo fún yín ní ayédèrú rí?"

Ó rún láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́, iná ràn. Ó da àpò òkúta sórí pákó, ilé wó. Ó gbọn páànù, ó fi bẹ́líìtì na tábìlì, ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ó wá ku ìyá yẹn. Ìyá Ariwo di ojú, ohun tó sì yọ sí i kì í ṣe ibi tí kò dé rí. Ibùdókọ̀ ni, lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín èrò nígbà tí kò tíì tó nǹkan kan. Ó rí bàtà ọmọ náà nílẹ̀. Ó la ẹnu: "Ọmọ mi dà? Ẹ bá mi wá ọmọ mi o!" Èémí rẹ̀ já sáàárín igbe náà, ó tún gbé e, ó lọ sókè, ó fọ́. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú. Ìyá Ariwo ṣan ọwọ́, ó gbá òkúta jọ, ó gba ilé lọ.

Ní àsìkò yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìlú ò fararọ. Àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dí ojú títì, wọ́n ń pariwo pé ìjọba yìí ti sú àwọn, kó máa lọ. Kò sí ilé oúnjẹ tó o máa wọ̀ tí wọn ò ní máa bú olórí ìlú bí ẹni bú olè. Ọmọ Ìyá Ariwo gan-an wà lára àwọn tó ń dí títì, ohùn rẹ̀ á ti há kó tó délé.

Bí ìlú ṣe rí nìyẹn tí rédíò fi gbé ìròyìn kan jáde lọ́jọ́ kan. Ìyá Ariwo ń lọ aṣọ nínú pálọ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń jẹun. Wọ́n ní àwọn ará òdìkejì odò ti wọ abúlé kan létí ààlà, wọ́n ti sun ún. Wọ́n ní akọ̀ròyìn kan wà níbẹ̀, kí gbogbo ọmọ ìlú fetí sílẹ̀. Ìyá Ariwo gbọ́ páànù rẹ̀. Ó gbọ́ láílọ́ọ̀nù. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín bó bá rí ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá lá àlá, tó rí ara rẹ̀ ní ìsọdá títì, tó ń bá àwọn tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀.

Ó bojú wo ọmọ rẹ̀. Omi ń dà lójú ọmọ náà sínú oúnjẹ.

Há! Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí bírí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, títì ti ṣí. Àwọn olùkọ́ ti padà síléèwé, orin ogun ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn tó bú olórí ìlú lánàá ti ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohunkóhun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ka ìròyìn, wọ́n á kọ́kọ́ fi igbe ìyá yẹn síta. Onídìrí, ọ̀rẹ́ Ìyá Ariwo tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé rẹ̀, a máa da kóòmù sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ọ. Á ní, "Ìyá Ariwo, àánú obìnrin yẹn ń ṣe mí. Ṣé ó rí ọmọ rẹ̀ ṣá?" Ìyá Ariwo á ní òun ń gbé nǹkan kaná, á yára wọlé.

Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í. Ó tún ń rò ó pé ogun ò ní dé ilé òun. Gbogbo wa la máa ń rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ń dán. "Mọ́mì, mo ti forúkọ sílẹ̀. Èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́." Ọmọ Onídìrí ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwọn méjèèjì ti ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré.

"Forúkọ sílẹ̀ níbo?"

"Nínú iṣẹ́ ológun, Mọ́mì."

"Ìwọ tó o ní ìjọba yìí ò dáa lóṣù tó kọjá!"

"Ìjọba lọ̀tọ̀, ìlú lọ̀tọ̀. Ẹ ò gbọ́ ìyá yẹn ni? Mi ò lè sùn mọ́. Mo máa ń rò ó pé ẹ̀yin ni ì bá jẹ́."

Ìyá Ariwo di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Èmi ni."

Ọmọ náà gbá a mọ́ra. "Mo mọ̀, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni. Gbogbo ìyá ni."

"Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo ní! Èmi gan-an!" Ó wọ́ ọ lọ sílé ìdáná. Ó fa páànù tó fi ń yan búrẹ́dì yọ, ó gbọ̀n ọ́n. Ó rún láílọ́ọ̀nù. Ó ké igbe náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èémí já níbi tó ti já. Nígbà tó lajú, ọmọ rẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́.

"Mọ́mì! Ẹ mà gbé e o! Kò yàtọ̀ rárá. Kí lẹ ò lè fara wé láyé yìí? Ikọ́ bàbá onílé lẹ wú lọ́jọ́sí, tí bàbá náà ń dá ara ẹ̀ lóhùn láti ìta."

Ẹ ò rí nǹkan! Òótọ́ dé ọwọ́ obìnrin, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di eré. Bó bá jẹ́ alápatà ló sọ pé òun ló ké igbe yẹn, bóyá wọn ì bá gbà á gbọ́. Ó gbìyànjú títí, ó sunkún, ọmọ náà sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní òun mọ̀ pé Mọ́mì ò fẹ́ kí òun lọ ni, pé ìyá tó fẹ́ràn ọmọ ò ní ṣàì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ dárí jì í.

Ló bá kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó fẹ́ kí ọ̀gá bá òun sọ ọ́ fún ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré, láàárín àwọn mẹ́ta.

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ jókòó. Ta ló sọ fún yín pé abúlé kankan ò jóná?"

"Ṣé ó jóná?"

"Àwọn tó ju èmi àti ẹ̀yin lọ ló mọ̀ ọ́n. Àwa kàn jẹ́ kí aráàlú gbọ́ bó ṣe máa ń rí ni."

"Ọ̀gá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ogun yìí ṣe?"

Ọ̀gá wo fèrèsé. Ìta dákẹ́ minimini. Kò sẹ́ni tó ń dí títì mọ́. "Ẹ gbọ́ bí ìlú ṣe tutù," ló wí.

"Ọmọ kan ni mo ní."

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ìlú ẹni ni ìlú ẹni, Màmá. Ṣé ẹ fẹ́ràn ìlú yìí àbí ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí mo bí ọmọ mi sí ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ọ̀tá ni wọ́n máa kà á sí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka tiyín mọ́ ọn." Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní kó kí wọn nílé.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ, pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n kó wọn jọ sí. Kùrukùru wà láàárọ̀ yẹn, gbogbo nǹkan funfun bí ẹni pé inú àlá la wà, ọkọ̀ akẹ́rù, àsíá, orí àwọn ọmọ tí wọ́n ti fá. Àwọn ìyá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Onídìrí fa ọwọ́ Ìyá Ariwo mọ́ra. Ọmọ wọn méjèèjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi fìlà gbá ara wọn.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn hó, ó pariwo. Wọ́n fẹ́ gbé igbe náà síta, kí ọkàn àwọn ọmọ lè gbóná. Iná ràn. Ilé wó. Ìyá Ariwo wo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Kò pinnu ohunkóhun o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló là.

"Ọmọ mi dà? Ẹ bá mi wá ọmọ mi o!"

Ẹni tó bá ń fara wé ohùn, ẹ̀yìn ohùn ló máa ń wà. Ti Ìyá Ariwo ṣáájú. Ó ké, ẹ̀rọ ké tẹ̀lé e. Èémí rẹ̀ já, ti ẹ̀rọ já lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ káàkiri pápá, igbe kan láti inú kùrukùru, ìkejì láti òkè, títí ẹ̀rín fi gbẹ lójú ọmọ náà. Ó ti gbọ́ ohùn yẹn rí, kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ní ibùdókọ̀ kan tó ti ṣìnà. Ohùn yẹn ló tẹ̀lé jáde láàárín èrò lọ́jọ́ náà.

Ó bọ́ fìlà. Ó bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn já a gbà. Ọkọ̀ ti ń rìn nígbà tí ọmọ Ìyá Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Gbogbo pápá hó lé e lórí: "Ojo! Ojo!" Wọ́n ju ike omi lù ú. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Inú Ìyá Ariwo dùn. Ọmọ òun nìyí. Ọmọ òun ò lọ mọ́.

Ìgbà náà ló rí i pé Onídìrí ti jọ̀wọ́ ọwọ́ òun sílẹ̀.

"Ìwọ ni," Onídìrí wí.

"Ọ̀rẹ́ mi…"

"Ìwọ ni obìnrin yẹn. O mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, o sì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń sunkún lójú rẹ. O sọ fún tìẹ."

"Kò gbà mí gbọ́ nígbà yẹn. Mo sọ ọ́ títí."

"O sọ fún tìẹ. Tèmi ńkọ́?"

Onídìrí ò dúró gba èsì. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń juwọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Onídìrí bọ́ sílípáàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ká ìró sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé e.