Ọkọ̀ Goulven

Ní Douarnenez, ìlú àwa apẹja, ta ni kò mọ Goulven Le Bihan? Òun ló dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù tí afẹ́fẹ́ ń gbé rìn, tí kì í jó epo. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ti dé orí omi, èébì ni. Àǹtí rẹ̀ Soazig, opó apẹja, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tí òòyì ń kọ́ bí ọbẹ̀ bá mì nínú abọ́!"

Nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ gbé sàdíìnì lọ sí èbúté Porto, àwọn atukọ̀ ní kó jókòó sílé.

Ó ní, "Èmi ni mo fi ẹ̀mí yín lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Tèmi náà ń bá yín lọ."

Ìjì mú wọn lójú ọ̀nà. Goulven ń bì, ó ń fa okùn, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbòkun, aṣọ ńlá tí ń gba afẹ́fẹ́, kò ya. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ sí Porto, tí ó ti rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tí wọ́n fún, ó pe Soazig lórí fóònù.

"Àǹtí, a ti dé o."

"Ṣé o bì?"

"Ó kù díẹ̀ kí n bi ìfun."

Soazig ní, "Ọkọ mi náà a máa bì. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó wáìnì sínú ọkọ̀ láti gbé e bọ̀ wálé. Goulven ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.