Búrẹ́dì Tí Kò Níyọ̀

Mo ń wọn ṣúgà fún obìnrin kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa nígbà tó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ lórí káńtà, tó sá lọ láì gba ṣúgà. Ibẹ̀ ni ayé tí a mọ̀ ní Jos ti dáwọ́ dúró. Mo yọjú síta kí n pè é padà, mo sì rí i pé gbogbo àdúgbò wa, Tudun Wada, ló ń sáré, kálukú sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Èéfín ti ń rú lápá ọjà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè é ní kíráísìs, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ owó oṣù tó pẹ́ kó tó dé. Ogun ni, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń bára wọn jà. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ni mo ń sọ fún yín.

Yàkúbù, ọkọ mi, sáré dé láti mọ́sáláṣí láì wọ bàtà. Ìlọrin ni àwọn òbí wa ti wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. A kò mọ ibòmíràn tí à bá sá lọ. Mo pọn Lukman, ọmọ wa kan ṣoṣo, tí kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ dáadáa. Bí a ṣe dé ẹ̀yìnkùlé ni Mama Chundung ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ̀yà Berom ni, Kìrìsìtẹ́nì ni, ògiri kan ló wà láàárín ilé wa.

"Ku shigo! Da sauri!" ló ń wí, pé ká wọlé kíákíá. Ó tì wá wọ yàrá tó ń kó àchà, ọkà wẹ́wẹ́ wọn, pamọ́ sí, ó sì fi àpò dí ojú fèrèsé.

Inú yàrá yẹn la wà. Ariwo tí mo rántí jù kì í ṣe ti ìbọn. Ti páànù òrùlé ni, bó ṣe máa ń dún tí iná bá mú un. Bí Lukman bá ti fẹ́ ké, màá ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọmú ti gbẹ. Mama Chundung ń se àchà fún wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí iyọ̀ fi tán nílé rẹ̀. Bí ẹni ń jẹ yanrìn ni àchà tí kò níyọ̀ rí lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ráhùn nínú wa, ṣùgbọ́n ojú ń ti Yàkúbù. Òun tó ń ta iyọ̀ ló wá ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ láìsí iyọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ariwo rọlẹ̀, ó dìde.

"Mo fẹ́ lọ mú iyọ̀ wá ní ṣọ́ọ̀bù."

"Iyọ̀ kẹ̀? Bàbá Lukman, ẹ jókòó."

"Obìnrin yìí ti bọ́ wa tó. Iyọ̀ nìkan ni mo ní tí mo lè fún un. Ẹ̀gbẹ́ ibí náà ni, wallahi, màá ti dé kí o tó sọ ọmọ kalẹ̀."

Mama Chundung di aṣọ rẹ̀ mú. Ó rọra yọ ọwọ́ obìnrin náà, ó ní, "Sai na dawo." Ó ní òun ń bọ̀. Kò dé.

Nígbà tí àwọn sójà dé tí a sì lè jáde, ṣọ́ọ̀bù ti jóná. A kò rí òkú rẹ̀. A kò wẹ̀ ẹ́, a kò kírun sí i lára. Wọ́n ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá ó wà láàárín wọn. Àwọn àgbà ẹbí wá kí mi láti Ìlọrin. Wọ́n ní kí n má ròyìn rẹ̀ fún ọmọ, torí ọmọkùnrin ni, kó má baà dàgbà tán kó lọ gbẹ̀san. Mo gbọ́ràn. Nígbà tí Lukman wá dàgbà tí mo fẹ́ sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́.

"Màmá, don Allah, ki bar wannan maganar." Pé jọ̀wọ́, kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn, lọ́dọọdún. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé bàbá òun kú nígbà ogun.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n wá kí òun ní Perugia, ìlú àtijọ́ kan lórí òkè ní Ítálì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti Àmínà ọmọ wọn ń gbé. Òkè lásán ni ìlú náà. Orúnkún mi kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Mo ge búrẹ́dì wọn jẹ, kò níyọ̀. Mo bi í bóyá ẹni tó ṣe é gbàgbé ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìtàn ńlá ni o. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ó mú mi gba orí àtẹ̀gùn kan tó ń rìn fúnra rẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀. Òpópónà odindi ló wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn, tòun ti ilé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó ní Póòpù ìgbà kan ló bu owó orí lé iyọ̀, tí ará ìlú kọ̀, tí ogun sì dé. Póòpù ṣẹ́gun, ó wá kọ́ odi sórí ilé àwọn tó ta kò ó. Láti ìgbà náà, wọ́n ní wọn kò fi iyọ̀ sí búrẹ́dì mọ́.

"Àwọn kan tiẹ̀ ní irọ́ ni," ó ní, "pé bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé ibí tí kò mọ̀ ọ́n."

Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ogun àwọn ẹlòmíràn, tó ti pẹ́ tó báyìí, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ irọ́, ọmọ mi mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀.

"Lukman, o mọ ìtàn iyọ̀ wọn. Kí lo mọ̀ nípa iyọ̀ bàbá ẹ?"

"Iyọ̀ wo? Màmá, don Allah..."

"Má sọ ọ́! Lónìí, wàá gbọ́."

Mo jókòó sórí òkúta níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Nígbà tí mo parí, mo dìde. Ó gbé àpò búrẹ́dì tó mú wá, a gòkè padà. Títí mo fi wọ bàálù, kò mẹ́nu bà á.

Mo padà sí Jos pẹ̀lú ìbínú. Mama Chundung ti kú. Níbi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, wọ́n ń ta káàdì fóònù. Kò sí àmì kankan níbẹ̀, àwọn tó ń ra káàdì kò sì bèèrè nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àmínà pè mí. Kaka ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ Jos ṣe ń pe ìyá àgbà.

"Kaka, tíṣà bi wá pé kí ló dé tí búrẹ́dì ò ní iyọ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo ní bàbá àgbà mi ló lọ mú iyọ̀ wá, kò tíì dé. Tíṣà ní rárá, torí Póòpù ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé tiwọn."

Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Lukman ni, ó gba fóònù.

"Màmá, ṣọ́ọ̀bù yẹn, apá ibo ló wà gan-an?"

Mo fa àga, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún un.