Òòlù Tísà Jọ́gíráfì Wa

"Iná abẹ́ ilẹ̀ ló yí òkúta padà, ẹgba ni yóò yí ẹ̀yin padà." Tísà jọ́gíráfì wa l'Éjìgbò ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dájú ọkùnrin. Yóò ní ká kúnlẹ̀ sórí òkúta, kí orúnkún wa mọ èyí tó rí ṣákiṣàki yàtọ̀ sí èyí tó ń dán.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí kálukú mú òkúta abìlà wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹgba. Ọmọbìnrin kan láti ìlú Ìsúndúnrìn ò rí ìkankan, ló bá gbé ọmọ ọlọ ìyá rẹ̀ tó ti kú wá.

Tísà yọ òòlù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti màámi ni!"

Ó lù ú títí ó fi là. Ìlà dúdú àti funfun hàn.

"Kí lorúkọ òkúta yìí?"

Ọmọ náà ń sunkún. "Náìsì ni, sà, òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ sọ di abìlà."

"O gbà á. Wá gbá àfọ́kù ẹ̀ kúrò nílẹ̀."